Kí Kòkòrò Aṣoore Dé Inú Ẹja Láàyè

Yorùbá tó ń gbé ní Lake Highlands, ní Dallas, tó fẹ́ fi ẹja àrọ̀ yíyan láti ilé se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, yóò bá òfin Amẹ́ríkà pàdé. Láti 2016 ni USDA, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn wọn, ti ń ṣàyẹ̀wò ẹja àrọ̀ àti ìbátan rẹ̀, títí kan oògùn tó ṣẹ́ kù sára ẹja. Ní 2019, wọ́n gbà pé àbójútó China, Thailand àti Vietnam péye. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Probiotics, ìyẹn kòkòrò aṣoore tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ ẹja, nìkan kò lè yí ìyẹn padà. Síbẹ̀, mo gbà pé ó lè jẹ́ kí àwọn tó ń sin ẹja ní Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú dín oògùn apakòkòrò kù, bí kòkòrò aṣoore tí wọ́n fi sóúnjẹ bá dé inú ẹja láàyè. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ní 2012, àwọn onímọ̀ Auburn University ní Alabama gbé èsì jáde pé àwọn ẹ̀yà kòkòrò Bacillus kan tí wọ́n pò mọ́ oúnjẹ ẹja dín ikú kù nígbà tí kòkòrò àrùn Edwardsiella ictaluri kọlù ú. Bacillus máa ń ní èèpo líle tí ooru kì í tètè ràn. Lactobacillus, kòkòrò aṣoore inú omi ògì tí àwọn àgbẹ̀ kan fẹ́ lò, kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣe oúnjẹ tó ń léfòó sì máa ń gbóná kọjá 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó bu omi ògì sí èlò oúnjẹ kó tó kó o sínú ẹ̀rọ ti pa wọ́n dànù. Ìgbà tí oúnjẹ bá tutù tán ló yẹ ká wọ́n omi ògì sí i, pẹ̀lú òróró díẹ̀.

Àwọn kan á ní omi tó mọ́ ti tó. Òótọ́ wà níbẹ̀: kò sí kòkòrò tó lè gba ẹja là nínú omi tó ti bàjẹ́. Àmọ́ ẹja àrọ̀ ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi, ó sì lè fara da ìdọ̀tí pẹ́ kí olówó rẹ̀ tó fura. Àtakò tó dá lórí owó ló wúwo jù, nítorí oúnjẹ nìkan ń gba ju ìdajì owó ìsìn ẹja lọ. Ìdí nìyí tí omi ògì olówó pọ́ọ́kú fi ń wu àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n FAO àti WHO, àjọ oúnjẹ àti àjọ ìlera àgbáyé, ti là á kalẹ̀ ní 2001 pé kòkòrò probiotics gbọ́dọ̀ wà láàyè, kó sì pọ̀ tó láti ṣàǹfààní. Ògì ìkòkò kan kì í ṣe ti èkejì, a kì í sì í ka iye kòkòrò inú rẹ̀. Òmíràn nínú àwọn kòkòrò náà lè gbé àbùdá tí kì í jẹ́ kí oògùn ràn án. Kí Yunifásítì Ìbàdàn àti FUNAAB, yunifásítì ètò ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta, ṣa ẹ̀yà tó dára jù nínú ògì wa, kí wọ́n yẹ àbùdá rẹ̀ wò, kí wọ́n sì dán an wò lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn, adágún kan pẹ̀lú rẹ̀, èkejì láìsí i, títí ẹja yóò fi tó tà.