Nígbà Tí Ọ̀rọ̀ Dókítà Bá Di Èébú

Bí o bá pe ọmọ ọlọ́mọ ní "idiot" lónìí, ìjà lò ń wá. Ṣùgbọ́n ní 1913, inú ìwé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà wà. Òfin ọ̀hún pín àwọn tí òye wọn kù díẹ̀ káàtó sí ọ̀nà mẹ́rin: "idiot" ni ti àwọn tó nira jù, "imbecile" ló tẹ̀ lé e. Ní Amẹ́ríkà, Henry Goddard, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti fa "moron" yọ láti inú èdè Gíríìkì ní 1910, fún àgbàlagbà tí òye rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́jọ sí méjìlá lọ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni gbogbo wọn lójú àwọn dókítà.

Nígbà tí ará ìta sọ wọ́n di èébú tán, "mental retardation" gorí oyè. Ní èdè Látìn tó ti wá, kò ju kí nǹkan falẹ̀ lọ, ó sì tutù létí. Kò pẹ́ tí òun náà fi di ohun tí wọ́n fi ń búni. Ní 2010, Ààrẹ Obama ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní Rosa's Law, tó fi "intellectual disability" rọ́pò rẹ̀ nínú òfin ìlera, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀.

Kí ni kí ògbufọ̀ Yorùbá wá ṣe? Bó bá jẹ́ òfin 1913 ló ń túmọ̀, kó kọ "dìndìnrìn" láìbẹ̀rù. Bó bá fi ọ̀rọ̀ òní bo ti àná mọ́lẹ̀, ó ti purọ́ fún òǹkàwé nípa ojú tí ayé ìgbà náà fi ń wo àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Àmọ́ kò gbọdọ̀ kọ dìndìnrìn sínú ìwé tí dókítà òní fún ìyá ọmọ.

Ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í ṣe atọ́nà gidi. Inú orúkọ òṣùpá ni "lunatic" ti jáde, torí wọ́n gbà pé òṣùpá ló ń da orí ènìyàn rú. Ta ni yóò gbọ́ ọ yé bí a bá fi òṣùpá túmọ̀ rẹ̀? Lunatic Asylum ni orúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá, ní Èkó, nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1907; "ilé wèrè" ni ẹgbẹ́ orúkọ yẹn. Ti òde òní ni "ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ". Òfin Lunacy ti Nàìjíríà, ti 1958, pàápàá wà títí di oṣù kìíní 2023, kí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń bá àwọn oníròyìn fà ni "ìpèníjà". Wọ́n á ní ọmọ kan ní ìpèníjà ọpọlọ. Ta ló pè é níjà? Gbólóhùn yìí tún da wèrè pọ̀ mọ́ òye tí kò tó, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ ni èkíní, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Ó yá mi lára kí a sọ pé òye ọmọ náà kò bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Ó gùn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n odindi gbólóhùn kò ṣeé sọ luni bí òkò.

Àwọn baba wa kò ṣe aláìmọ ọgbọ́n yìí. Wọn kì í dédé dárúkọ ṣọ̀pọ̀nná. Olóde ni wọ́n ń wí. Afín, abuké àti arọ, ẹni òòṣà ni wọ́n, ti Ọbàtálá. Tí àìsàn bá sì ṣe ènìyàn, èdè wa ní kí a sọ pé ó ń bá a jà: ẹni tí ẹ̀tẹ̀ ń bá jà, ẹni tí àrùn ọpọlọ ń bá jà. Ènìyàn ló ṣíwájú, àrùn tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé ìlera àti òfin ní èdè wa, kí ẹ tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ẹ kọ́kọ́ wádìí ọjọ́ orí rẹ̀, kí ẹ sì mọ ẹni tí yóò ka ohun tí ẹ kọ.