Láti Orí Pátákó dé Ojú Sáìtì: Iṣẹ́ Ọwọ́ Wa ní Parakou

Ọ̀gá mi kì í gba owó tó kù lọ́wọ́ oníbàárà títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi sọdá sí òdìkejì títì. Bí a bá ti kan pátákó mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù tán, yóò nu ọwọ́ rẹ̀, yóò gba àárín àwọn zémíjàn, alùpùpù akérò, kọjá, yóò wá yíjú padà lójijì bí ẹni tí wọ́n pè. Á kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí kò bá tíì rí orúkọ oníṣòwò náà àti ohun tó ń tà kí ó tó ka ẹ̀ta, a máa tú pátákó sílẹ̀, a máa gbé e padà sílé. “Ẹni tó wà lórí alùpùpù kò ní dúró nítorí ọ̀dà rẹ.” Bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ọdún 1992 ni wọ́n mú mi lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Parakou. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Lónìí, sáìtì ni mò ń ṣe, èmi àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin, nínú yàrá kan ní Banikanni. Àwọn ọ̀dọ́ yìí gbà pé láti òkè òkun ni iṣẹ́ wa ti wá, pé Kútọnù ló kọ́kọ́ gbà á kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀rọ ló ti ibẹ̀ wá. Iṣẹ́ náà ti wà nílé tipẹ́, ojú títì la ti kọ́ ọ.

Ìlú ojú ọ̀nà ni Parakou, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Kí Faransé tó dé, ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò tó ń ti ilẹ̀ Haúsá lọ sí Gonja fún obì ti máa ń sọ ẹrù kalẹ̀. Obì gbànja tí à ń jẹ, orúkọ Gonja yẹn ló ń jẹ́ títí dòní. Bàrìbá ló nilẹ̀, àwọn Dẹ́ńdì àti Wangara ló ń ṣòwò, Haúsá wà, Fúlàní wà, àwa Nàgó, ọmọ Yorùbá, náà dé. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin dé ní 1936, kìlómítà 438 láti Kútọnù. Wọ́n ti pinnu pé yóò dé ilẹ̀ Niger, ṣùgbọ́n kò kọjá Parakou. Ẹrù tó ń lọ sí Niger ní láti sọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n tún un dì sórí ọkọ̀ akẹ́rù. Bàbá bàbá mi wọ ọkọ̀ ojú irin yìí láti Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí irin ti dé láti 1911. Ibi tí irin parí sí ló sọ̀, ibẹ̀ náà ló kọ́lé sí.

Ní ìlú tí gbogbo ará ibẹ̀ jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, kò sẹ́ni tó nílò pátákó. Wọ́n mọ ilé alágbẹ̀dẹ, wọ́n mọ ìyá alákàrà. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹrù Kútọnù ti ń pàdé awakọ̀ Niamey, tí ẹni méjì kò gbọ́ èdè ara wọn, bí o kò bá kọ ohun tí ò ń tà sára ògiri, ẹlòmíràn ni wọn yóò bá rà. Ohun tó bí iṣẹ́ ọ̀gá mi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é. A máa kun pátákó ní ọ̀dà funfun lẹ́ẹ̀mejì, a máa jẹ́ kí ó gbẹ mọ́jú. A máa fi ẹfun pa okùn, ọmọṣẹ́ kan á di orí kan mú, èkejì á di orí kejì, ọ̀gá á fa àárín rẹ̀ sókè, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀: pàá! Ìlà gbọọrọ á hàn lójú pátákó. Orí ìlà yẹn ni lẹ́tà ń jókòó sí. Ìka ọwọ́ ni ọ̀gá fi ń wọn àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. Àlàfo yìí ló sì máa ń mú kí a jẹ èébú jù, nítorí ọmọṣẹ́ a máa fẹ́ kún gbogbo pátákó. Ọ̀gá á gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, á fi ọ̀dà funfun pa ìdajì ohun tó kọ rẹ́.

Faransé la fi ń kọ ọ̀rọ̀ náà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọjá kò sì lè ka Faransé. Nítorí náà a máa ń ya sísọ́ọ̀sì fún aránṣọ, a máa ń ya orí ọkùnrin mẹ́rin pẹ̀lú àrà irun oríṣi mẹ́rin fún onígbàjámọ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé á fi ìka tọ́ka sí èyí tó fẹ́.

Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n já owó CFA sí ìdajì: fráǹkì Faransé kan tí ó jẹ́ àádọ́ta CFA di ọgọ́rùn-ún. Ọ̀gá ti gba iṣẹ́ pátákó mẹ́rin sílẹ̀ ní iye owó àtijọ́, láìgba àsansílẹ̀. Òkè òkun ni ọ̀dà ti ń wá, owó rẹ̀ fò sókè. Ó ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ó jẹ gbèsè. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ra ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé kan: ọjọ́, gígùn àti ìbú pátákó, ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kọ sí i gan-an, iye owó, ìdajì tí wọ́n san. Oníbàárà á fọwọ́ sí i tàbí kí ó tẹ àtàǹpàkò. Ọ̀rọ̀ tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Irú ìwé yẹn ni mò ń lò fún sáìtì lónìí. Iléeṣẹ́ sáìtì tí mo rí tó kógbá sílé, àìmọ kóòdù kọ́ ló pa wọ́n. Ohun tó pa wọ́n ni “jọ̀ọ́, bá mi fi èyí kún un”, tí wọn kò kọ sílẹ̀, tí wọn kò gbowó rẹ̀.

Íntánẹ́ẹ̀tì dé Bẹ̀nẹ̀ ní 1995, ọdún tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ṣe ìpàdé ńlá wọn ní Kútọnù. Ní 1996, orílẹ̀-èdè wa ní .bj tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀ ní Parakou ní 2001, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún inú síbà, ilé tí wọ́n ti ń sanwó lo íntánẹ́ẹ̀tì. Pátákó àwọn síbà yẹn ni mo lọ ń kun, ibẹ̀ ni mo ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan fi hàn mí pé a lè ṣí kóòdù ojú ìwé èyíkéyìí kí a sì kà á. Ó yà mí lẹ́nu gan-an, nítorí mo rí i pé ìlà ẹfun ló wà lábẹ́ rẹ̀: ẹnì kan ti fa okùn kí lẹ́tà tó jókòó.

Sáìtì tí mo kọ́kọ́ gbowó lé lórí, ti oníṣòwò ohun ìkọ́lé kan ni. Mo kó fọ́tò símẹ́ńtì, páànù àti ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó kún dísíkẹ́ẹ̀tì kan bámúbámú, mẹ́gà 1.4. Nínú kọ̀ǹpútà mi, ó dán gbinrin. Mo mú bàbá náà lọ sí síbà kí ó wá wò ó. Wáyà tẹlifóònù kan ṣoṣo ni síbà náà ní, kò lè gbé ju kilobáìtì méje lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwa mẹ́fà la sì jọ ń fà á. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí ẹnì kan bá dá wáyà yẹn lò, ó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Bí ẹni mẹ́fà bá pín in, ó tó ogún ìṣẹ́jú. Fọ́tò ń sọ̀kalẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú ni wọ́n sì fi ń gbowó. Bàbá wo aago, ó wò mí, ó dìde. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ló sọ sí mi lọ́kàn: ẹni tó wà lórí alùpùpù kò ní dúró.

Mo gé gbogbo fọ́tò náà kéré, mo yọ ìdajì dànù, mo gbé orúkọ, ọjà àti nọ́ńbà tẹlifóònù sókè kí wọ́n kọ́kọ́ dé kí fọ́tò tó dé. Títí dòní n kò tíì yí ìlànà yẹn padà. Fọ́tò tí fóònù òde òní yà lè wúwo tó mẹ́gà mẹ́rin. Bí ẹ bá dín in kù bó ti yẹ, kò ní tó ìdá kan nínú márùn-ún mẹ́gà kan, ojú ènìyàn kò sì ní mọ ìyàtọ̀ lórí fóònù. Àwọn ọ̀dọ́ á ní íntánẹ́ẹ̀tì ti yára báyìí. Ó ti yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n mẹ́gà ni oníbàárà ń rà. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, ìjọba gbé owó orí fráǹkì márùn-ún lé mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá lò lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Ariwo sọ, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi wọ́gi lé e. Ẹni tó pariwo nítorí fráǹkì márùn-ún yẹn náà lẹ fẹ́ kó wá ṣí sáìtì yín.

Èdè tún jẹ́ ọ̀ràn. Ní Bẹ̀nẹ̀, ɛ àti ɔ la fi ń kọ Yorùbá níléèwé, ní Nàìjíríà ẹ àti ọ ni. Bàrìbá náà ń lo ɛ àti ɔ. Mo ti rí ojú ìwé tí wọ́n fi èdè wa kọ, tí àpótí òfìfo kún ibi tó yẹ kí lẹ́tà wà, nítorí ẹni tó ṣe é yan irú lẹ́tà tó rẹwà lójú rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní àmì ohùn. Ẹ kọ ɔ̀ àti ọ̀ sí i kí ẹ tó yàn án. Kí ẹ sì fi UTF-8, ìlànà ìkọ lẹ́tà sínú kọ̀ǹpútà, pa iṣẹ́ yín mọ́.

Ohun kan wà tó ń dùn mí. Oníbàárà mi kan ti kọ orúkọ sáìtì rẹ̀ sára ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta kí ó tó mọ̀ pé orúkọ ara wọn ni iléeṣẹ́ tó ṣe é fún un fi ra àdírẹ́sì náà. Iléeṣẹ́ náà túká, kò sẹ́ni tó sanwó ọdún kejì, orúkọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi kì í gbé pátákó tí oníbàárà ti sanwó rẹ̀ tán lọ sílé ara rẹ̀. Orúkọ oníbàárà ni kí ẹ fi rà á, kí ọ̀rọ̀ aṣínà wà lọ́wọ́ rẹ̀, nínú ìwé, lọ́jọ́ tó bá san owó tó kù. Bí ẹ bá sì ń gba orúkọ àti nọ́ńbà àwọn ènìyàn lórí sáìtì, ẹ ka òfin íntánẹ́ẹ̀tì tí ilẹ̀ wa ṣe ní 2018.

Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá 2024, gbogbo nọ́ńbà tẹlifóònù ní Bẹ̀nẹ̀ di mẹ́wàá láti mẹ́jọ: 01 ni wọ́n fi ṣíwájú rẹ̀. Ọ̀gá mi ti dàgbà, ojú rẹ̀ kò gbé búrọ́ọ̀ṣì mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ gbé agolo ọ̀dà, ó ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Arzèkè, ó ń kọ 01 sí iwájú nọ́ńbà tí bàbá rẹ̀ ti kọ lọ́jọ́ pípẹ́. Òdo kan àti ení kan, ó ti parí. Lọ́dọ̀ tiwa, mo rí sáìtì tí nọ́ńbà wọn wà nínú fọ́tò, tí ẹni tó ya fọ́tò náà ti lọ, tí kò sẹ́ni tó lè yí i padà. Ẹni tó bá pe nọ́ńbà náà kò ní bá ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe sáìtì, ẹ ṣí ti àwọn oníbàárà yín àtijọ́ lónìí, lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, láàárín ọjà. Bí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kò bá tíì ní 01, ẹ tún un kọ, kí ẹ má sì gbowó rẹ̀.