Owó Oṣooṣù Arúgbó: Ìtàn Ilé Ìtọ́jú Àgbà ní Amẹ́ríkà

Kí ó tó di ọdún 1935, ilé àwọn òtòṣì tí ìjọba ìbílẹ̀ ń ṣàkóso ni arúgbó aláìní tí kò lẹ́ni ní Amẹ́ríkà sábà máa ń parí ayé rẹ̀ sí. Kò san owó ilé. Ìtìjú ni ó fi ń san án.

Òfin Social Security tí Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí lọ́dún náà gbà pé ìjọba àpapọ̀ yóò san ìdajì owó ìrànwọ́ tí ìpínlẹ̀ bá fún arúgbó, níwọ̀n ìgbà tí gbogbo rẹ̀ kò bá ti ju 30 dọ́là lóṣù lọ. Ṣùgbọ́n owó yìí kò kan ẹni tí ń gbé inú ilé ìjọba. (Ọ̀rọ̀ tí òfin náà fi pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń pe ẹlẹ́wọ̀n.) Ṣe ni àwọn aṣòfin fẹ́ kí ilé òtòṣì pa rẹ́. Ó pa rẹ́ lóòótọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n àìlera arúgbó kò bá a pa rẹ́. Àwọn tí kò lè dá wẹ̀ mọ́ kó owó wọn lọ sí ilé aládàáni, wọ́n ń fi san yàrá àti oúnjẹ. Ibẹ̀ ni ìṣirò oṣooṣù ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1965 ni Medicare àti Medicaid dé. Medicare kì í san owó ìtọ́jú ojoojúmọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Medicaid ń san án, àmọ́ ní ilé àwọn nọ́ọ̀sì tí ó jọ ilé ìwòsàn. Ìyá Keren Brown Wilson, tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ní ẹni ọdún 55, bá ara rẹ̀ nírú ibẹ̀. Ohun tí ó ń fẹ́ kò pọ̀: yàrá tirẹ̀, ibi ìdáná kékeré, ilẹ̀kùn tí òun lè tì. Ní 1983 ni ọmọ náà ṣí Park Place sí ìlú Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon, ilé oníyàrá 112 tí àgbà ti ń gbé ìgbé ara rẹ̀ tí a sì ń ràn án lọ́wọ́.

Òfin 1981 kan ti fàyè gba ìpínlẹ̀ láti ná owó Medicaid lẹ́yìn òde ilé àwọn nọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, ìtọ́jú nìkan ni owó náà lè san nínú irú ilé tuntun yìí. Kò kan yàrá àti oúnjẹ. Ìdí nìyí tí ìwé owó oṣooṣù fi máa ń pín sí méjì: ti ilé, tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀, àti ti ìtọ́jú, tí ń ga sí i bí ara bá ṣe ń hẹ. Èkejì yìí ni ó máa ń da ìṣirò ìdílé rú.

Ní 2024, iye àárín tí Genworth rí nínú ìwádìí rẹ̀ jẹ́ 5,900 dọ́là lóṣù. SSI, owó ìrànwọ́ arúgbó aláìní, kò ju 943 lọ fún ẹnì kan. Ìdílé tí ó bá ta ilé òbí ní 118,000 dọ́là, tí a kò bá ka owó ìfẹ̀yìntì mọ́ ọn, ti rí owó oṣù 20. Bí ìtọ́jú bá fi 1,000 dọ́là wọ́n sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, oṣù 17 ni.