Ẹni Tí Ó Rí Ọ̀kín: Ìfihàn Ògo Ọlọ́run ní Agbègbè Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Àwọn Yorùbá a máa wí pé ẹni tí ó bá rí ọ̀kín ti dópin ìran. Ẹwà ẹyẹ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò tún sí ohun tí ojú ń wá kiri mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Kristẹni ni ó ti fi ojú òwe yìí wo ìfihàn ògo Ọlọ́run. Lójú wọn, ẹni tí ó bá rí ìmọ́lẹ̀, tàbí tí ó gbọ́ ohùn, tàbí tí ó rí áńgẹ́lì, ti dé ibi tí ó ga jù lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bi í léèrè ọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn mìíràn wà, pàápàá láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé, tí kò gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ rárá. Àlá ọ̀sán ni wọ́n pè é. Ìtàn ìgbàgbọ́ ní agbègbè Àkúrẹ́ àti Oǹdó kò ti apá kìíní lẹ́yìn, kò sì ti apá kejì lẹ́yìn. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé ìran ògo kì í ṣe òpin ìran. Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, iṣẹ́ náà ni a sì fi ń dá ìran mọ̀.

Ògo tí ó ní ìbòjú

Nínú èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ tí a túmọ̀ sí ògo tan mọ́ ohun tí ó wúwo. Nínú èdè Yorùbá, ògo jẹ mọ́ ọlá, iyì àti ìmọ́lẹ̀ ayé ènìyàn. Òun ni ó mú kí àwọn òbí máa sọ ọmọ wọn ní Ògoolúwa. Bí a bá da ìtumọ̀ méjèèjì pọ̀, ògo Ọlọ́run ni títóbi Rẹ̀ nígbà tí ó bá hàn sí ojú ẹ̀dá.

Ṣùgbọ́n kì í hàn tán. Èyí kò sì ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Nígbà tí ọba aládé bá jókòó nínú adé ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ a máa rọ̀ wálẹ̀ bo ojú rẹ̀. Àwọn ará ìlú mọ̀ pé ọba wà níwájú wọn, wọ́n ń gbọ́ àṣẹ rẹ̀, síbẹ̀ wọn kò lè tẹjú mọ́ ọn. Bákan náà ni ó rí fún Mósè. Ó tọrọ pé kí òun rí ògo Ọlọ́run. A fi í pamọ́ sínú pàlàpálá àpáta, ẹ̀yìn ògo náà nìkan ni ó rí bí ó ti ń kọjá lọ. Àìsáyà rí i nínú tẹ́ḿpìlì ní ọdún tí ọba Ùsáyà kú, ohun tí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ sì ni ìjẹ́wọ́ àìmọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a rán an níṣẹ́.

Ìran tí àwọn Kristẹni mọ̀ jù lọ ni ti orí òkè, níbi tí Jésù ti paradà níwájú Pétérù, Jákọ́bù àti Jòhánù. Pétérù fẹ́ pa àgọ́ mẹ́ta síbẹ̀ kí wọ́n lè máa gbé inú ògo náà lọ. A kò gbà fún un. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ohun tí wọ́n bá ní ìsàlẹ̀ òkè ni baba kan tí àìsàn ń da ọmọ rẹ̀ láàmú, àti àwọn ọmọ-ẹ̀yìn tí kò lè wò ó sàn. Àwọn tí ó kọ Ìhìnrere kò ya ìtàn méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí pé ìtàn kan náà ni wọ́n jẹ́.

Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ nínú Ìjọ ìlà-oòrùn. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ orí òkè Athos ní ilẹ̀ Gíríìsì sọ pé àwọn rí ìmọ́lẹ̀ orí òkè náà nínú àdúrà. Ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Barlaam fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Gregory Palamas dá a lóhùn pé ẹ̀dá kò lè rí Ọlọ́run nínú ìwà Rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó lè rí agbára Rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti lè yáàrùn láìlè tẹjú mọ́ oòrùn fúnra rẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ Ìjọ tí ó jókòó ní Constantinople ní 1341 àti 1351 ti Palamas lẹ́yìn.

Àwọn tí ó ṣiṣẹ́ láìrí ìran

Kí a tó gbọ́ nípa ìran kankan ní agbègbè yìí, àwọn kan ti fi ọdún púpọ̀ ro oko sílẹ̀ fún un. Ní 1877, Charles Phillips, ọmọ Yorùbá tí ó jẹ́ òjíṣẹ́ ìjọ CMS, wá sí Oǹdó. Ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún ara rẹ̀ kó jọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí ogun ti tú u ká. Phillips bá a pé a ń fi ènìyàn rúbọ níbẹ̀, ó sì bá àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ léraléra. Ó wàásù, ó kọ́ni ní ìwé, ó sì ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Kò sí ìtàn pé ọ̀run ṣí sílẹ̀ lójú rẹ̀.

Síbẹ̀, ní 1886, òun àti Samuel Johnson ni Gómìnà Moloney rán láti Èkó láti bá Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Ogun Kírìjí ti ń jà láti 1877, ìbọn ti pa ọmọ Yorùbá lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ọ̀dọ̀ àwọn Èkìtìparapọ̀ ni Phillips lọ, Johnson sì dojú kọ Ìbàdàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni àwọn ọmọ-ogun tú àgọ́ wọn ká. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ògo Ọlọ́run ní ọ̀rúndún náà, ó yẹ kí ó wo ojú ọ̀nà tí àwọn ènìyàn gbà padà sí ilé wọn. A fi Phillips jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, ó sì kú ní 1906.

Iṣẹ́ kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní 1884 ni odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe é. Inú ìwé náà ni àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ àti ìyá ọlọ́jà ti kọ́ láti pe ohun tí wọ́n bá rí ní ògo, ìpè, tàbí ìṣípayá. Ẹni tí kò bá ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó rí kò lè sọ ọ́, àwọn ará rẹ̀ kò sì lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohùn kan ní ojú ọ̀nà Àkúrẹ́

Ní 1918, àjàkálẹ̀ àrùn gágá kárí ayé, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkàn mélòó kan, tí Joseph Ṣadare jẹ́ àgbà wọn, kó ara wọn jọ fún àdúrà nítorí ìran tí a rí. Láti inú ẹgbẹ́ kékeré náà ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ìjọ Aládùúrà ti wá. Ní Oǹdó, ní 1919, ìdáhùn mìíràn ni ó yọjú: a dá Ondo Boys' High School sílẹ̀, M. C. Adéyẹmí sì di ọ̀gá àgbà rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ náà ni a fi sọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Oǹdó. Àwọn kan gbàdúrà, àwọn kan kọ́ ilé-ìwé. Kò sí èyí tí ó sọ èkejì di asán.

Ní 1925, Àbíọ́dún Akínṣọwọ́n, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Èkó, lọ wo ìwọ́de àjọ̀dún Ara Kristi tí àwọn Àgùdà ń ṣe. Ó ròyìn pé òun rí áńgẹ́lì níbẹ̀, ó sì wọ inú ojúran lọ. A ránṣẹ́ sí Mósè Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́ tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó òde òní, ẹni tí ó ti rin ìrìn-àjò ìwàásù gba ìlú púpọ̀ kọjá. Àdúrà rẹ̀ lórí ọmọbìnrin náà ni ó di ìbẹ̀rẹ̀ Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni èyí tí ó kan Àkúrẹ́ gbọ̀ngbọ̀n ṣẹlẹ̀. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí a bí sí ìdílé ọmọ ìjọ Áńgílíkàn ní agbègbè Ìlọ́fà ní 1904, ti kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kí ó tó di òṣìṣẹ́ PWD, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń la ọ̀nà. Ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń tẹ ọ̀nà ni ó ń wà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ojú ọ̀nà tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkejì-Arákejì, nígbà tí ẹ̀rọ náà kú lójijì. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìjọ rẹ̀ ti wí, bí ó ti ń wá ohun tí ó ṣe é ni ó gbọ́ ohùn tí ó fi orúkọ pè é pé kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ó lọ wàásù. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó gbààwẹ̀, ó mú agogo àti Bíbélì Yorùbá, ó sì bọ́ sọ́nà.

Kì í ṣe inú kàtídírà ni ìpè yìí ti wá, kò sì ti ọ̀dọ̀ àlùfáà tí a fi òróró yàn. Àárín erùpẹ̀ àti òkúta ọ̀nà tí a kò tíì là tán ni. Mósè wà lẹ́nu iṣẹ́ agbo-ẹran nígbà tí ó rí igbó tí ń jó. Babalọlá wà lẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀.

Bí a ti ń dán ìran wò

Ní oṣù keje ọdún 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Òòyè, Iléṣà. Àwọn ènìyàn ti gbogbo agbègbè wá pẹ̀lú ìkòkò àti ìgò omi. Àwọn ìjọ kan ní Iléṣà ṣófo. Níbẹ̀ ni ìjà ti dé. Àwọn àlùfáà kan rò pé ìgbóná ara lásán ni. Ìjọba amúnisìn ń bẹ̀rù ogunlọ́gọ̀ tí ìjọba kò fi àṣẹ pè jọ. Ní 1932, a fi Babalọlá sẹ́wọ̀n ní ìlú Benin nítorí ọ̀ràn tí ó jẹ mọ́ ẹ̀sùn àjẹ́. Àwọn Aládùúrà náà bá ara wọn jà: nígbà tí àwọn òyìnbó míṣọ́nárì tí wọ́n pè wá ń lo oògùn ibà, àwọn àgbà kan ní ó lòdì sí ìwòsàn nípa àdúrà nìkan. Nínú ìyapa yẹn ni a ti rí Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, tí ó gba ìwé àṣẹ ní 1943. Babalọlá kú ní Ẹdẹ ní 1959. Ní 2006, yunifásítì tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìkejì-Arákejì, ní ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú.

Ọ̀ràn oògùn náà kò tíì kúrò nílẹ̀. Títí di òní, olùkọ́ a máa rí ọmọ ilé-ìwé tí a mú kúrò ní ilé-ìwòsàn nítorí pé ẹnì kan ríran. Kò tọ́ kí olùkọ́ fi ìgbàgbọ́ òbí ṣe ẹlẹ́yà, kò sì tọ́ kí ó dákẹ́. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó bi ìran náà wá láti inú ìtàn Bíbélì fúnra rẹ̀. Ǹjẹ́ ó rẹ aríran sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Àìsáyà, àbí ó gbé e ga? Ǹjẹ́ ó rán an lọ bá ọmọ tí ń ṣàìsàn ní ìsàlẹ̀ òkè, àbí ó mú un kọ́ àgọ́ fún ara rẹ̀? Ǹjẹ́ ó gba kí àwọn ará yẹ̀ ẹ́ wò, àbí ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́? Ìran tí ó bá gba ẹ̀mí ọmọ kan láti fi dá ara rẹ̀ láre kò bá ti Jésù mu, ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ wá wo ọmọ sàn.

Ayétòrò, ní etíkun Ìlàjẹ, kọ́ wa ní ohun mìíràn. Ní 1947 ni àwọn ọmọ Kérúbù àti Séráfù tẹ ìlú náà dó. Wọ́n sọ ohun ìní di ti gbogbogbòò, wọ́n ṣe ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò ní. Lẹ́yìn náà, ìṣọ̀kan ohun ìní náà túká, òkun sì ti ń gbé ilẹ̀ ìlú náà mì. Ògo tí a rí kì í ṣe ohun ìní ẹni tí ó rí i. A máa kọjá lọ, bí ó ti kọjá níwájú Mósè.

Ògo àti àgbélébùú

Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 2022, tí í ṣe ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ìjọ Kátólíìkì ti St. Francis ní Ọ̀wọ̀, nínú Dáyósíìsì Oǹdó. Ó kéré tán, 40 ènìyàn ni wọ́n pa, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Ọjọ́ tí ìjọ ń rántí iná tí ó bà lé àwọn àpọ́sítélì ni ẹ̀jẹ̀ ṣàn nílẹ̀ ilé Ọlọ́run. Níwájú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó bá mọ ògo sí ìmọ́lẹ̀ àti ìdùnnú nìkan kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ìhìnrere Jòhánù ní ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wákàtí àgbélébùú ni ó pè ní wákàtí tí a ṣe Ọmọ lógo. Nígbà náà, ẹni tí ń wá ògo Ọlọ́run ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ yẹn yóò wá a lọ́dọ̀ àwọn tí ó gbé ẹni tí ó fara gbọgbẹ́, lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tí kò sùn, àti lọ́dọ̀ àwọn tí ó fi ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀ fún ẹni tí wọn kò mọ̀.

Phillips kò ríran, ó parí ogun. Babalọlá gbọ́ ohùn, ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó rìn títí ó fi kú. Ọ̀nà wọn kò jọ ara wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó dúró sórí òkè nínú wọn. Ẹni tí ó rí ọ̀kín lè ti dópin ìran. Ẹni tí ó rí ògo Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀nà tí yóò rìn ni.