Páńlá Inú Ọbẹ̀ Wa: Ìtàn Ẹja Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Tán

Ìtàn tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọba, kì í ṣe ti ogun. Ti páńlá ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyá mélòó ló fi owó ẹja rán ọmọ níwèé láàárín wa? Gbogbo wa la sì ń pariwo pé páńlá ti wọ́n. Wọ́n ní dọ́là ló fà á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n dọ́là nìkan kọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ là á yé ara wa. Orúkọ kan ni páńlá, ẹja tó ń jẹ́ ẹ ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó gbẹ, tó le bí igi, tí àwọn Ìgbò ń pè ní okporoko, ẹja cod láti Nọ́wè ni. Èyí tó wà nínú yìnyín, tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja ń yan, hake tàbí blue whiting ni. Ẹran gbogbo wọn funfun, ọ̀rá wọn ò tó ti títù. Inú òkun ni wọ́n ti ń pa wọ́n wá, wọn kì í ṣe ẹja adágún bí àrọ̀ tí à ń sìn.

Láti oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kẹrin, cod máa ń ti òkun Barents wá yé ẹyin ní erékùṣù Lofoten ní Nọ́wè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa á. Wọ́n á gé orí rẹ̀, wọ́n á kó ìfun rẹ̀ jáde, wọ́n á so ó pọ̀ nírù ní méjì méjì, wọ́n á sì fi kọ́ orí igi níta gbangba. Kò sí iyọ̀, kò sí èéfín. Atẹ́gùn àti òtútù ló ń gbẹ ẹ. Kílò márùn-ún tútù á wá di nǹkan bíi kílò kan. Orí náà kì í ṣòfò: wọ́n ń sá a lọ́tọ̀, Nàìjíríà ló sì ń ra èyí tó pọ̀ jù.

Kí a tó gba òmìnira ló ti dé ọjà wa. Ó bá wa lára mu, torí kò nílò fíríìjì. Nígbà ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, ó wà lára oúnjẹ tí àwọn aláàánú kó lọ fún àwọn tí ebi ń pa ní Biafra. Títí dòní, ẹrù tó bá gúnlẹ̀ ní Àpápá, títì Àpápá sí Òṣòdì ló ń gbé e gba àárín wa kọjá.

Kí ló dé tí kò tíì tán? Irú cod yìí wà ní Newfoundland, ní Kánádà. Ọkọ̀ ńláńlá pa á tọ̀sán tòru. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní oṣù keje 1992, ìjọba ní kí wọ́n jáwọ́, torí ẹja ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n èèyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Nọ́wè àti Rọ́ṣíà ò ṣe bẹ́ẹ̀. Láti àárín 1970 sí 1980, nígbà tí Rọ́ṣíà ṣì wà lábẹ́ Sófíẹ̀tì, ni wọ́n ti jọ dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ọdọọdún ni àwọn onímọ̀ ń ṣírò ẹja, tí ìgbìmọ̀ sì ń pín iye tí wọ́n lè pa. Àjọ tí à ń dá nílé gan-an ló jọ: ẹni bá kó ju tiẹ̀ lọ, àjọ ti dàrú nìyẹn. Nígbà tí ẹja dín kù ní nǹkan bí 1989, wọ́n gé ìpín náà wálẹ̀ gan-an. Ó dun àwọn apẹja, ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi di 2013, ìpín ti gòkè dé mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù. Ẹja tún ti ń dín kù báyìí: ti 2024 jẹ́ nǹkan bí 453,000, ti 2025 já sí 340,000. Ẹ rí i pé kì í ṣe dọ́là nìkan.

Ẹ má sì sọ pé òyìnbó nìkan ló lè ṣe é. Nígbà tí Nàmíbíà gba òmìnira ní 1990, ọkọ̀ àjèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́n hake wọn gbẹ. Wọ́n lé àwọn tí kò gbàṣẹ, wọ́n pín iye tí wọ́n lè pa, wọ́n sì ń sinmi pípa hake ní oṣù kẹwàá ọdọọdún. Ní 2020, àjọ MSC tó ń yẹ ẹja òkun wò lágbàáyé fún wọn ní ìwé ẹ̀rí.

Àwa náà ní òfin. Láti etí òkun wa dé máìlì òkun márùn-ún, ọkọ̀ apẹja ńlá ò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ti àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré ni. Ṣùgbọ́n òfin tí wọn ò bá ṣọ́, bébà lásán ni. Ẹja tí a ò bá ṣọ́ nílé, owó ilẹ̀ òkèèrè la ó máa fi rà á.

Ẹni tí ìyá tàbí ìyá àgbà rẹ̀ bá ta páńlá ní Òṣòdì tàbí Ìsọlọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fótò tàbí ohùn wọn ránṣẹ́ sí gúrúùpù, kí ìtàn tiwọn náà má baà sọnù. Ìkòkò ọbẹ̀ wa ò ní gbẹ o. Àṣẹ.