Ta ló ni rédíò tó ń bá wa yan olórin?

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti pín àmì ẹ̀yẹ orin tán lórí tẹlifíṣàn, tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìjà ló máa ń kún ibí yìí. Wọ́n já tiwa gbà. Wọ́n ti rà á. Ẹ̀yin lẹ ò dìbò. Mo máa ń kà á, mo máa ń rẹ́rìn-ín, èmi náà sì máa ń bá wọn jà, ẹ má dà mí lóhùn. Ṣùgbọ́n ní tèmi o, a kì í jà síbi tó yẹ. Ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yàn án tán láti ọ̀pọ̀ oṣù sẹ́yìn, nínú rédíò inú dánfó. Ẹ jókòó, ìtàn yìí gùn díẹ̀.

1935 ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn ni àwọn òyìnbó gbé ohun kan tí wọ́n ń pè ní Rediffusion dé Èkó. Kì í ṣe rédíò bí èmi àti ẹ̀yin ṣe mọ̀ ọ́n. Àpótí ni, wọ́n á fa wáyà wọlé yín, wọ́n á so àpótí náà mọ́ ọn, ẹ ó sì máa san owó oṣù. Ẹ ò lè yí i lọ sí ibòmíràn, torí pé kò sí ibòmíràn. Ohun tí wọ́n bá gbà láti BBC ní London, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́, lẹ máa gbọ́. Ẹ lè gbé ohùn rẹ̀ sókè, ẹ lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ lè pa á. Ó parí.

Àwọn bàbá wa wò ó títí, wọ́n wá sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Nínú gbogbo orúkọ tí Yorùbá ti sọ ẹ̀rọ, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Wọn ò pè é ní àpótí olóhùn, wọn ò pè é ní àpótí orin. Ohun tó ń dùn wọ́n níbẹ̀ gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: ó ń bá mi sọ̀rọ̀, èmi ò sì lè dá a lóhùn.

Ní 1953, ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ òṣèlú. Anthony Enahoro ti gbé àbá òmìnira ọdún 1956 wá sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ilé dàrú, àwọn mínísítà Action Group kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Gómìnà, Macpherson, bọ́ sórí rédíò, ó di ẹ̀bi lé àwọn Action Group lórí. Awólọ́wọ̀ ní òun náà fẹ́ sọ tẹnu òun lórí rédíò kan náà. Wọ́n ní rárá.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Òfin tuntun 1954 fún àwọn ẹkùn láyè láti ní ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn. Nígbà tó di 31 oṣù kẹwàá 1959, tẹlifíṣàn ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. WNTV nìyẹn. Wọ́n kọ́ wa ní iléèwé pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà (àwọn ará Mòrókò á ní irọ́ ni, ìyẹn dọjọ́ mìíràn). Ohun tí wọn kì í sábà kọ́ wa ni pé ọkùnrin kan tí wọn ò jẹ́ kó fèsì wà nídìí ẹ̀.

Mi ò ní fi ìyẹn tan ara mi jẹ ṣá. Ìjọba ẹkùn náà, ìjọba ni. Nígbà tí àwọn ológun dé, wọ́n kó gbogbo tẹlifíṣàn sábẹ́ NTA ní 1977, FRCN náà sì tẹ̀ lé e ní 1978. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ nìkan ló ni afẹ́fẹ́. Fela tó ti ṣiṣẹ́ rí ní NBC nígbà tó ti London dé, ó padà di ẹni tí rédíò ìjọba ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀.

Ibi tí ìtàn ti kan àdúgbò wa rèé. Ní 1992, Babangida fi òfin 38 dá àjọ NBC sílẹ̀ (NBC ti tẹ́lẹ̀ ni ilé iṣẹ́ rédíò, tuntun yìí ni àjọ tó ń fún èèyàn láṣẹ, ẹ má pò ó pọ̀). Òfin yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún aládàáni. Rédíò aládàáni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà ni Raypower 100.5 ti Raymond Dokpesi, ní oṣù kẹsàn-án 1994. Níbo ló ti sọ ọ́? Kì í ṣe Víkì, kì í ṣe Ìkòyí. Alágbàdo ni! Lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, lápá ọ̀dọ̀ wa níbí. Ẹni tó bá ń gba Kọ́lá kọjá mọ títì tí wọ́n ń pè ní AIT Road. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé ohun tó dáa ò lè ti Òkè-Odò jáde, ẹ fi ìyẹn hàn án.

Ní Raypower, ọ̀sán àti òru ni. Orin Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀. Àwọn méjì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Kenny Ogungbe tí gbogbo ayé mọ̀ sí Keke, àti Dayo Adeneye tí wọ́n ń pè ní D1, bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin àwọn ọmọ Nàìjíríà sí i. Kò pẹ́, àwọn méjèèjì dá Kennis Music sílẹ̀. The Remedies tibẹ̀ jáde: Eedris Abdulkareem, Tony Tetuila, Eddy Montana. 2Face tibẹ̀ gbé Face 2 Face jáde ní 2004, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ olórin Áfíríkà tó dáa jù níbi MTV ti Yúróòpù ní 2005.

Ẹ dúró níbí ná, ibí yìí ló dùn jù. Ṣé a lè sọ pé Keke àti D1 ò ṣe wá lóore? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Bí kì í bá ṣe tiwọn, mi ò mọ ibi tí orin tí a ń fọ́nnu lé lórí lónìí ì bá wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yan orin tí ìlú máa gbọ́, òun náà ló tún ń ta orin. Ẹni tó ń wọn gàrí lọ́jà náà ló ni gàrí. Wọ́n lè wọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ti ìyá kejì ńkọ́? Ta ló máa wọn tiẹ̀ fún un?

Ó yá, ẹ bá mi ka rédíò Èkó ti òde òní. Beat 99.9, Classic 97.3, Naija FM 102.7, Lagos Talks 91.3: ilé kan náà ni, Megalectrics. Cool 96.9, Wazobia 95.1, Nigeria Info 99.3: ilé kan ni, AIM Group. Raypower 100.5 àti Faaji 106.5: DAAR. Radio One 103.5, Metro 97.7, Bond 92.9: ìjọba àpapọ̀. Radio Lagos 107.5, Eko FM 89.75, Traffic Radio 96.1: ìjọba Èkó. Orúkọ 15 lẹ kà yẹn. Ọwọ́ 5 péré ló wà.

Àwọn mìíràn wà o, mi ò ní wọn ò sí. Mi ò sì sọ pé gbogbo wọn ń kọ orin kan náà. Wazobia sọ Píjìnì di iṣẹ́ tó ń bọ́ èèyàn, Bond ń sọ Yorùbá tó dán mọ́rán. Òfin NBC ní abala 9 sọ pé kò bófin mu kí ẹnì kan ṣoṣo ní ìpín tó lágbára jù nínú ohun tó ju méjì lọ ní ẹ̀ka ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ìyẹn ṣe kan ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ àwọn lọ́yà ni. Etí lèmi fi ń ka tèmi. Nínú kọ́rọ̀pẹ̀ láti Ìgandò dé Ìyànà Ìpájà, dẹ́rẹ́bà lè yí rédíò lẹ́ẹ̀mẹrin kó má tíì kúrò nínú ilé ẹnì kan.

Wàyí o, àmì ẹ̀yẹ. Headies bẹ̀rẹ̀ ní 2006 pẹ̀lú orúkọ Hip Hop World Awards, láti ọwọ́ Ayo Animashaun tó ni ìwé ìròyìn Hip Hop World. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ilé kan náà ní ìkànnì tẹlifíṣàn, HipTV. Soundcity ní tiẹ̀ ní tẹlifíṣàn, ó ní rédíò 98.5 l'Ékòó, ó tún ní àmì ẹ̀yẹ tiẹ̀, Soundcity MVP. Ẹni tó ń fi orin hàn yín náà ló ń pè yín pé kẹ́ ẹ wá dìbò fún èyí tó dáa jù nínú ohun tẹ́ ẹ rí.

Wọn ò nìkan ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, títí di 1996, òfin ò gbà kí ilé iṣẹ́ kan ní ju rédíò 40 lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọ́n yí òfin náà padà lọ́dún yẹn. Láàárín ọdún mélòó kan, Clear Channel ti ní ju 1,000 lọ. Ní 2014, ó pa orúkọ dà sí iHeartMedia. Ọdún 2014 yẹn kan náà ló bẹ̀rẹ̀ àmì ẹ̀yẹ orin tiẹ̀ lórí tẹlifíṣàn. Ó ń lu orin, ó ń ka iye ìgbà tó lù ú, ó wá ń fi ife dá ẹni tó lù jù lọ́lá. Bí mo bá ṣe irú ẹ̀ níbí, ẹ ó pariwo lé mi lórí!

Ẹ rántí alẹ́ 1 oṣù kìíní 2016. Headies ti 2015 ni wọ́n ń ṣe. Àmì ẹ̀yẹ Next Rated, tó máa ń gbé mọ́tò fún ẹni tó bá gbà á, bọ́ sọ́wọ́ Reekado Banks ti Mavin. Olamide gun orí ìtàgé, ó ní Lil Kesh ló tọ́ sí, torí pé òun ni ìgboro ń kọ orin ẹ̀. Don Jazzy náà gba gbohùngbohùn, ó ní ẹni tó bá fẹ́ mọ́tò kó wá gbé e. Orí ayélujára gbóná fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n parí ẹ̀, gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ìbò ará ìlú ni Next Rated. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé "wọ́n jí i" ni ọ̀rọ̀ tó tọ́. Èèyàn ò lè dìbò fún ẹni tí kò gbọ́ rí. Ìgboro kan wà tí rédíò ń dé, ìgboro mìíràn tún wà tí DJ Alábà ń fi síídì gbọ́ bùkátà ẹ̀. Olamide ń sọ̀rọ̀ nípa ìkejì. Ìbò sì máa ń tẹ̀ lé àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni ìpolówó ìdìbò ti ń dún láràárọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo bá ọmọ àdúgbò wa kan gbé orin lọ sí rédíò kan. Mi ò ní dárúkọ wọn. Inú yàrá kan ní Ìgandò ló ti gba orin náà sílẹ̀, wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì bo fèrèsé kí ariwo jẹnẹrétọ̀ má wọlé. Orin náà dùn, mi ò purọ́. Bùọ̀dá tó gbà wá lálejò gbọ́ ìṣẹ́jú kan, ó mi orí, ó ní, "Kí lẹ mú dání?" A ní fláàṣì. Ó rẹ́rìn-ín. Iye tó wá dárúkọ lẹ́yìn náà ju owó ilé oṣù mẹ́ta tí ọmọ yẹn ń san lọ, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló sì máa fi lù ú. Nínú kọ́rọ̀pẹ̀ tá a wọ̀ padà, rédíò ń lu orin kan tá a ti gbọ́ ní àárọ̀ nígbà tá à ń lọ. Ọmọ náà ò bá mi sọ̀rọ̀ títí dé Ìkọ̀tún.

Wọ́n á ní rédíò ti kú, fóònù ló kù. Ẹni tó ní dátà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Rédíò ò gba kọ́bọ̀. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ wọ bùkà ní Abúlé Ẹ̀gbá, ẹ gbọ́ ohun tó ń dún.

Ìjọba náà mọ̀ pé rédíò ò kú. Eedris, ọmọ The Remedies ọjọ́sí, kọ Jaga Jaga ní 2004, wọ́n ní kí rédíò má lù ú. Ní 9 oṣù kẹrin 2025, NBC tún kọ̀wé sí gbogbo ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn pé wọn ò gbọ́dọ̀ lu Tell Your Papa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde. Ọjọ́ 18 lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ṣe Headies ní Landmark l'Ékòó. Àwọn ọ̀dọ́ ti gbọ́ orin náà lórí fóònù wọn, wọ́n sì ń pín in kiri. Ṣùgbọ́n mo béèrè lọ́wọ́ màmá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́bàá ọ̀nà wa, tí rédíò rẹ̀ kì í kú láti àárọ̀ dalẹ́, bóyá ó ti gbọ́ orin tuntun Eedris. Ó ní, "Eedris? Ṣé ó ṣì ń kọrin ni?"

Thread tó kàn máa dá lórí Alábà àti àwọn DJ tó ń fi síídì gbé olórin jáde nígbà tí rédíò ò gbà wọ́n. Bí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ta kásẹ́ẹ̀tì tàbí síídì níbẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n jẹ́ kí n wá jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan.