Ìpìlẹ̀ Iṣẹ́ Àìfiṣòfò: Láti Ìdí Òfì dé Ilé-Iṣẹ́ Ọkọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ máa ṣe “lean”. Bí a bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní tààrà, “títẹ́ẹ́rẹ́” ni yóò jẹ́, ìtumọ̀ yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá dì mú: wọ́n a dá òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n a ní àwọn ti ṣe é. Èmi yàn láti pè é ní iṣẹ́ àìfiṣòfò. Ẹ jẹ́ kí a wo orírun rẹ̀.

Ìdí aṣọ híhun ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1924, Sakichi Toyoda ti orílẹ̀-èdè Japan parí ẹ̀rọ ìhunṣọ kan tí ó máa ń dá ara rẹ̀ dúró ní kété tí òwú bá já. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ òfì yóò mọ ìdí rẹ̀: òwú tí ó já tí a kò so, àbùkù rẹ̀ yóò máa bá aṣọ lọ ni. Ní ọdún 1929, ilé-iṣẹ́ Platt Brothers ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ra ẹ̀tọ́ ẹ̀rọ náà.

Ọmọ rẹ̀, Kiichiro, dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota sílẹ̀ ní ọdún 1937. Ìlànà tirẹ̀ ni pé kí ohun tí a nílò dé ní àsìkò tí a nílò rẹ̀, ní ìwọ̀n tí a nílò. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1950, gbèsè wọ ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn. Àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ó lé ní 1,500 ènìyàn tí ó kúrò níbẹ̀. Kiichiro pàápàá fi ipò sílẹ̀.

Nínú ìnira yìí ni Taiichi Ohno ti ṣiṣẹ́. Ó kọ́gbọ́n lára ilé ìtajà ńlá Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọjà mìíràn rọ́pò kìkì èyí tí oníbàárà bá mú. Ó wá lo káàdì tí wọ́n ń pè ní kanban, kí ẹ̀ka kan má ṣe ju ohun tí ẹ̀ka tí ó tẹ̀ lé e ti lò lọ. Ó ka òfò sí oríṣi méje: àṣejù ọjà, ìdúró lásán, gbígbé ẹrù kiri, iṣẹ́ tí kò pọn dandan, ìkójọ ọjà, ìrìn àìnídìí àti àbùkù. Àṣejù ọjà ni ó kà sí olórí wọn, nítorí pé ó ń bo àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Ọdún 1988 ni John Krafcik, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìlànà yìí ní “lean”.

Ní tèmi, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò sí nínú káàdì. Ó wà nínú àṣẹ tí òṣìṣẹ́ ní láti dá iṣẹ́ dúró bí ó bá rí àbùkù, àti nínú bíbéèrè “kí ló fà á?” lẹ́ẹ̀márùn-ún títí a ó fi kan gbòǹgbò. Níbi tí wọ́n bá ti ń bú ẹni tí ó sọ òtítọ́, òwú yóò máa já, kò sì sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè wa, bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju “àìfiṣòfò” lọ, inú mi yóò dùn láti gbọ́ ọ.